Ewé Inú Òkúta: Báwo Ni Wọ́n Ṣe Mọ Bí Ojú Ọjọ́ Áfíríkà Ṣe Rí Láyé Àtijọ́?

Nígbà tí ooru oṣù Kẹta bá mú débi pé àwọn ènìyàn ń gbé ẹní jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lóru ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti ní Ọ̀yọ́, ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ló máa ń gba orí WhatsApp kan. Lára ohun tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ara wọn ni pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì rí ewé tó ti di òkúta ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, pé ewé náà fi hàn pé igbó kìjikìji ni ibi tó jẹ́ pápá gbígbẹ lónìí, àti pé nítorí náà irọ́ ni wọ́n ń pa pé ọwọ́ ènìyàn wà nínú ooru tí à ń rí. Àwọn mìíràn a máa dá wọn lóhùn pé ti ewé náà gan-an ni irọ́, nítorí ewé tó bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò kì í lo àsìkò òjò kan kí ó tó jẹrà, áḿbọ̀sìbọ́sí èyí tí wọ́n ní ó ti lo ogún mílíọ̀nù ọdún. Ẹgbẹ́ kẹta ni ti àwọn tó ń sọ pé gbogbo ọ̀dàn ilẹ̀ Yorùbá ni igbó tẹ́lẹ̀, pé oko dídá àti iná ló sọ ọ́ di pápá, kí a ṣáà gbin igi padà sí gbogbo rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti lọ́ mọ́ra wọn bí ìtàkùn, bẹ́ẹ̀ orí ẹ̀rí tó yàtọ̀ síra ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dúró lé. Ohun tí a fẹ́ ṣe níhìn-ín ni kí a tú wọn síra, kí a sì sọ ohun tí ewé lè jẹ́rìí sí, ibi tí ẹ̀rí rẹ̀ mọ, àti ibi tí àwọn onímọ̀ fúnra wọn kò tíì fi ẹnu kò.

Báwo ni ewé ṣe ń di òkúta tí kò sì jẹrà?

Àwọn tó ń ṣiyèméjì kò ṣì sọ nípa ewé máńgòrò. Afẹ́fẹ́, ọ̀rinrin, ikán, olú àti àwọn kòkòrò tí ojú kò rí ló ń mú kí ewé jẹrà, gbogbo wọn ló sì pọ̀ jaburata ní ilẹ̀ olóoru bíi tiwa. Nínú ọ̀kẹ́ àìmọye ewé tó ń já bọ́ lọ́dọọdún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí èyí tó ń yè bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ìwọ̀nba tó ń yè bọ́ ni èyí tí atẹ́gùn gbé sínú adágún, tó rì sí ìsàlẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé, tí ẹrẹ̀ kíkúnná tàbí eérú òkè ayọnáyèéfín sì bò mọ́lẹ̀ kíákíá. Ẹrẹ̀ náà a máa nípọn, a máa wúwo, a sì máa le, títí yóò fi di òkúta pẹlẹbẹ tí ènìyàn lè fi òòlù là sí méjì bí ìgbà tí a ń ṣí ìwé. Ojú ewé yóò wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú iṣan àti etí rẹ̀. Nígbà mìíràn, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo ara ewé náà kò tíì parẹ́. Àwọn àgbà ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Ti ewé yìí, ara òkúta ló pẹ́ sí. Fọ́sìlì ni orúkọ gbogbo irú àmì bẹ́ẹ̀ tí ohun ẹlẹ́mìí fi sílẹ̀ sínú ilẹ̀, ìbáà ṣe egungun, ìkarahun, ewé tàbí ipa ẹsẹ̀.

Ṣé a lè rí irú rẹ̀ bí a bá fọ́ àpáta ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí ní Ọ̀yọ́? A kò lè rí i, ìdí rẹ̀ sì yéni. Àpáta tó wà lábẹ́ ìlú méjèèjì, tó yọrí sójú ilẹ̀ káàkiri ẹkùn náà, jẹ́ irú èyí tí iná inú ilẹ̀ yọ́, tàbí tí ooru àti ìwúwo yí padà ní ìsàlẹ̀ jíjìn, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì ti lé ní mílíọ̀nù 500 ọdún. Igi tó kọ́kọ́ hù láyé kò tíì pé mílíọ̀nù 400 ọdún. Àpáta wa ti wà níbẹ̀ kí igi kankan tó yọ ewé, kò sì sí bí yóò ṣe pa ohun tí kò tíì dé ayé mọ́. Bí ènìyàn bá sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ewékorò ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta ẹfun fún sìmẹ́ńtì, yóò bá fọ́sìlì pàdé, ṣùgbọ́n ti ẹran inú òkun ló pọ̀ níbẹ̀, nítorí òkun ló wà lórí ilẹ̀ náà nígbà náà. Èyí ló fà á tí ìtàn ewé inú òkúta fi ń gba Etiópíà, Kẹ́ńyà àti Tansáníà kọjá, níbi tí òkè ayọnáyèéfín ti ń da eérú sórí adágún fún ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún.

Báwo ni ewé ṣe lè sọ bí ooru ti pọ̀ tó?

Ibi yìí ni ìdàrúdàpọ̀ ti pọ̀ jù, nítorí náà ó yẹ kí a fara balẹ̀. Ní ọdún 1915, àwọn ará Amẹ́ríkà méjì kan, Irving Bailey àti Edmund Sinnott, kọ̀wé nípa ohun kan tí ẹnikẹ́ni lè fi ojú ara rẹ̀ rí. Etí ewé igi lè dán láìní eyín kankan, bíi ti máńgòrò àti kaṣú tí Ògbómọ̀ṣọ́ kún fún; ó sì lè ní eyín wẹ́wẹ́ bí ayùn, bíi ti dóńgóyárò. Wọ́n rí i pé bí a ṣe ń kúrò ní ilẹ̀ olóoru lọ sí ilẹ̀ olótùútù ni iye irú igi tí etí ewé wọn dán ń dín kù, tí àwọn eléyín sì ń pọ̀ sí i. Jack Wolfe, ará Amẹ́ríkà mìíràn, yẹ àwọn igbó Ìlà-Oòrùn Éṣíà wò lọ́nà yìí, ó sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1979. Inú iṣẹ́ rẹ̀ ni àwọn tó tẹ̀lé e ti yọ ìṣirò kan tó gbajúmọ̀ títí di òní.

Ìṣirò náà kò le. Ká ní irú ewé 25 ni wọ́n rí nínú òkúta adágún kan, tí 20 nínú wọn sì dán létí. 20 nínú 25 jẹ́ 0.8. Bí a bá fi 30.6 sọ ọ́ di púpọ̀, yóò jẹ́ 24.48, bí a bá wá fi 1.14 kún un, yóò di 25.6. Ìyẹn ni pé ìpíndọ́gba ooru ibẹ̀ láti ọdún dé ọdún tó nǹkan bíi dígírì Sẹ́lísíọ́sì 25.6 nígbà tí ewé náà já bọ́. Irú ewé ni wọ́n ń kà o, kì í ṣe iye ewé: bí ewé igi kan bá tilẹ̀ tó ẹgbẹ̀rún nínú òkúta náà, ẹyọ kan péré ni nínú ìṣirò. Ewé igi nìkan ni wọ́n sì ń kà. Koríko àti ewébẹ̀ kò sí nínú rẹ̀.

Kí ló wá dé tí igi ilẹ̀ olótùútù fi ń hu eyín sí etí ewé? Àlàyé tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ fara mọ́ ni pé eyín wọ̀nyí ń jẹ́ kí ewé tuntun tètè máa fa omi, kí ó sì tètè bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè oúnjẹ fún igi nígbà tí òtútù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kásẹ̀ nílẹ̀, nítorí ọjọ́ iṣẹ́ tí irú igi bẹ́ẹ̀ ní nínú ọdún kò pọ̀. Igi ilẹ̀ olóoru kò ní ìkánjú yẹn, omi tí eyín ń fi ṣòfò sì lè pa á lára.

Fífẹ̀ ewé ń sọ ti òjò. Níbi tí òjò ti pọ̀, ewé igi máa ń fẹ̀; níbi tí ọ̀gbẹlẹ̀ wà, ó máa ń kéré kí omi ara rẹ̀ má baà gbẹ tán. Nínú òkúta, wọ́n a wọn fífẹ̀ ewé kọ̀ọ̀kan, wọ́n a sì fi ìpíndọ́gba rẹ̀ wé ti àwọn igbó tí wọ́n mọ iye òjò wọn lónìí. Onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Bonnie Jacobs, rí i pé ìṣirò tí wọ́n ṣe láti inú igbó Éṣíà àti Amẹ́ríkà kò lè tó fún Áfíríkà, ó sì kó ewé igi jọ láti oríṣiríṣi ibi ní ilẹ̀ olóoru Áfíríkà, kí ewé Áfíríkà lè jẹ́ òṣùwọ̀n fún ewé Áfíríkà. Iṣẹ́ rẹ̀ tó jáde ní ọdún 1999 àti 2002 ni ọ̀pọ̀ ń tọ́ka sí lórí òjò àtijọ́ ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà.

Ọ̀nà kẹta gba inú àwọn ihò wẹ́wẹ́ tí ewé fi ń mí, èyí tí a kò lè rí láìlo máíkírósíkóòpù. Inú ihò wọ̀nyí ni afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà ni omi sì ń gbà sá lọ. Bí afẹ́fẹ́ náà bá pọ̀ lójú sánmọ̀, ọ̀pọ̀ igi kò nílò ihò púpọ̀ mọ́. Ní ọdún 1987, F. I. Woodward ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹ ewé gbígbẹ tí wọ́n ti tọ́jú pa mọ́ láti nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn wò, ó sì rí i pé ihò ara wọn ti dín kù ní nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í sun èédú. Ewé inú òkúta tí awọ ara rẹ̀ bá ṣì wà lè jẹ́rìí lọ́nà kan náà nípa afẹ́fẹ́ ìgbà tirẹ̀.

Ibo ni wọ́n ti rí irú ewé bẹ́ẹ̀, kí ló sì sọ?

Ní Mahenge, ní agbègbè Singida ní Tansáníà, ihò tí òkè ayọnáyèéfín gbẹ́ di adágún ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 46 ọdún sẹ́yìn. Ewé tó wà níbẹ̀ kéré, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ti ẹbí àwọn igi tí èso wọn ń wà nínú pódi, bí igi irúgbá àti apá. Ohun tí wọ́n rí kà nínú wọn ni pé igi wà, ṣùgbọ́n òjò kò pọ̀, ẹ̀ẹ̀rùn sì wà nínú ọdún. Èyí nìkan ti tó láti já àwọn tó ń sọ pé igbó kìjikìji ló bo gbogbo Áfíríkà láyé àtijọ́ ní koro.

Ní Chilga, ní ìhà Gondar ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Etiópíà, ewé tó tó mílíọ̀nù 27 sí 28 ọdún sọ ìtàn mìíràn. Igbó tí òjò ti pọ̀ ló wà níbẹ̀ nígbà náà, pẹ̀lú oríṣiríṣi igi tó wà nínú ẹbí ọ̀pẹ, àti àwọn igi tó jẹ́ pé Ìwọ̀-Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà ni a ti ń rí ìbátan wọn lónìí. Àwọn baba ńlá erin ń jẹ̀ lábẹ́ wọn. Ilẹ̀ Lárúbáwá kò tíì kọlu Éṣíà, àwọn ẹranko Éṣíà kò sì tíì ráyè rọ́ wọ ilẹ̀ wa.

Ti erékùṣù Rusinga nínú Adágún Victoria ní Kẹ́ńyà ló lókìkí jù, nítorí ibẹ̀ ni Mary Leakey ti rí agbárí ìnàkí àtijọ́ kan ní ọdún 1948. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi jiyàn bóyá inú igbó ni irú ìnàkí bẹ́ẹ̀ ń gbé tàbí pápá gbangba. Ní ọdún 2014, àwọn onímọ̀ kan ròyìn pé àwọn rí gbòǹgbò àti kùkùté igi tó súnmọ́ra nínú ìpele ilẹ̀ kan náà pẹ̀lú egungun wọn, tí ọjọ́ orí rẹ̀ tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 18 ọdún, èyí tó túmọ̀ sí pé igbó tí igi rẹ̀ kanra lókè ló wà níbẹ̀ ní àkókò yẹn. Ní Tugen Hills, ní Kẹ́ńyà kan náà, ewé tó tó mílíọ̀nù 12.6 ọdún fi igbó tó jọ ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà hàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí yóò fi di nǹkan bíi mílíọ̀nù 9 sí 10 ọdún sẹ́yìn, ibi kan tí kò jìnnà síbẹ̀ ti di ilẹ̀ tí igi rẹ̀ fọ́n káàkiri, tó sì ní ẹ̀ẹ̀rùn.

Ohun tí wọ́n kà sí okùnfà ìyípadà wọ̀nyí kì í ṣe ẹyọ kan. Ilẹ̀ Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ru sókè, ó sì ń dí òjò lọ́nà. Òkun ńlá tó wà láàárín Áfíríkà àti Éṣíà fún pọ̀, ó sì pa dé. Kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì ojú sánmọ̀ dín kù díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún, ayé sì ń tutù.

Kí ni àwọn onímọ̀ ń jiyàn lé lórí?

Èkíní ni ìṣirò etí ewé fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá sọ pé dígírì 25.6, àwọn fúnra wọn mọ̀ pé ó lè fi dígírì 2 jìnnà sí òtítọ́, ó sì lè tó 5. Ìṣirò tó bá igbó Éṣíà mu kì í fìgbà gbogbo bá ti Ọsirélíà tàbí Gúúsù Amẹ́ríkà mu, nítorí ìran igi ibi kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Ní ọdún 2001, ìwádìí kan nínú igbó Amazon ní orílẹ̀-èdè Ecuador fi hàn pé àwọn igi etí odò àti etí adágún ní eyín ju àwọn igi inú igbó tó jìnnà sómi lọ, débi pé ẹni tó bá fi ewé etí omi ṣírò yóò rí ooru tó fi dígírì 2.5 sí 5 kéré sí bó ṣe rí gan-an. Etí omi sì rèé ni ọ̀pọ̀ fọ́sìlì ewé ti ń wá. Ìdáhùn àwọn tó gbà pé ọ̀nà náà wúlò ni pé wọn kò fi etí ewé nìkan ṣe é mọ́: láti ọdún 2011 ni wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà wọn iye eyín, bí eyín ṣe tóbi tó, àti bí ewé ṣe rí lápapọ̀, tí wọ́n sì ń fi ẹ̀rí ilẹ̀, eyín ẹran àti ìyẹ̀fun òdòdó tì í lẹ́yìn.

Ìkejì ni ìgbà tí koríko dé. Koríko kì í sábà fi ewé rẹ̀ sílẹ̀ nínú òkúta, ṣùgbọ́n ó ń ṣe òkúta wínníwínní sínú ara rẹ̀ (ohun náà wà lára ohun tó ń mú kí ewé koríko gé ènìyàn lọ́wọ́), ìda tó bo ara ewé rẹ̀ sì máa ń pẹ́ nínú ilẹ̀. Kábọ́ọ̀nù inú ìda koríko ilẹ̀ olóoru wúwo díẹ̀ ju ti inú ìda igi lọ, nítorí náà a lè mọ èwo ló pọ̀ níbì kan. Ohun tí ọ̀pọ̀ gbà tẹ́lẹ̀ ni pé irú koríko yìí kò gbilẹ̀ ní Áfíríkà títí di nǹkan bíi mílíọ̀nù 10 ọdún sẹ́yìn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2023, ẹgbẹ́ onímọ̀ kan tí Daniel Peppe wà lára àwọn aṣáájú wọn gbé ẹ̀rí jáde láti ibi mẹ́sàn-án ní Kẹ́ńyà àti Ùgáńdà pé koríko náà ti pọ̀ láwọn ibì kan láti mílíọ̀nù 21 ọdún sẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó. Nítorí èyí ni ìtàn tí ọ̀pọ̀ kọ́ nílé ẹ̀kọ́, pé igbó gbẹ, koríko dé, àwọn baba ńlá ènìyàn sì sọ̀ kalẹ̀ lórí igi, fi di ohun tí wọ́n tún ń yẹ̀ wò. Iyàn irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí lórí Aramis ní Etiópíà, níbi tí wọ́n ti rí egungun Ardipithecus, ẹ̀dá àtijọ́ kan tí wọ́n kà mọ́ ìran ènìyàn, tó tó mílíọ̀nù 4.4 ọdún: àwọn tó hú u ní ilẹ̀ onígi ni, àwọn mìíràn tí Thure Cerling ṣáájú dáhùn ní ọdún 2010 pé ẹ̀rí náà jọ ti ọ̀dàn.

Ṣé igbó ni ilẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ tẹ́lẹ̀, àbí ọ̀dàn?

Ìbéèrè yìí ló kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, ìdáhùn rẹ̀ kò sì lè wá láti inú àpáta wa. Ibi mẹ́ta ni ẹ̀rí rẹ̀ ti ń wá.

Ti àkọ́kọ́ ni Niger Delta, níbi tí odò Ọya ti ń kó ẹrẹ̀ apá púpọ̀ nínú Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ sínú òkun. Àwọn ilé iṣẹ́ epo tó ń gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ máa ń kó ẹrẹ̀ náà jáde ní ìpele ìpele. Nínú rẹ̀ ni Robert Morley àti Keith Richards ti rí awọ ewé koríko tó ti jóná, wọ́n sì kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1993. Awọ jíjóná wọ̀nyí wà nínú ìpele tó ti pé ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún, kí àgbẹ̀ kankan tó wà láyé. Iná àti koríko, nígbà náà, kì í ṣe àlejò ní ẹkùn wa. Mànàmáná lè dá iná sílẹ̀ láìsí ìṣáná.

Ìkejì ni Adágún Sélé ní gúúsù orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Igbó ńlá tó wà láti Gínì dé Gánà àti èyí tó wà láti ilẹ̀ wa lọ sí Kóńgò kò pàdé ara wọn. Ọ̀dàn ló wà láàárín wọn, ó sì fẹ̀ dé etí òkun ní Tógò àti Bẹ̀nẹ̀. Ìyẹ̀fun òdòdó inú ẹrẹ̀ adágún náà fi hàn pé igbó ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí òjò tó dín kù lójijì ní nǹkan bíi 4,500 ọdún sẹ́yìn, tí koríko sì gba ilẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébísí Ṣówùnmí ti Yunifásítì Ìbàdàn, tó ṣe aṣáájú ẹ̀kọ́ ìyẹ̀fun òdòdó ní orílẹ̀-èdè yìí, rí i nínú ẹrẹ̀ Niger Delta pé ìyẹ̀fun ọ̀pẹ pọ̀ sí i gidigidi ní nǹkan bíi 2,800 ọdún sẹ́yìn. Ó kà á sí àmì pé àwọn ènìyàn ti ń ṣán igbó tí wọ́n sì ń dá ọ̀pẹ sí. Jean Maley, ará Faransé, ní ojú ọjọ́ tó gbẹ ló ṣí igbó sílẹ̀ tí ọ̀pẹ fi ráyè hù, nítorí ọ̀pẹ kì í fẹ́ òjìji. Iyàn náà kò tíì parí, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí ohun tó ní kí méjèèjì má ṣẹlẹ̀ pọ̀.

Ìkẹta sún mọ́ wa jù, kò sì ní í ṣe pẹ̀lú fọ́sìlì rárá. Ní Olókemèjì, lẹ́bàá odò Ògùn láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, àwọn òṣìṣẹ́ igbó ìjọba bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní ọdún 1929. Wọ́n pín ilẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta: wọ́n ń sun apá kan lọ́dọọdún nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá fẹ́ parí, tí gbogbo koríko ti gbẹ tán, wọ́n ń sun ìkejì nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, wọn kò jẹ́ kí iná dé ìkẹta. Lẹ́yìn nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, apá tí wọ́n ń sun ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ti di koríko pẹ̀lú àwọn igi díẹ̀ tó lè fara da iná, èyí tí wọ́n kò sun sì ti di igbó dídí. Òjò kan náà ló ń rọ̀ sórí gbogbo wọn.

Orí irú ẹ̀rí báyìí ni àwọn tó ń pe ọ̀dàn ẹkùn Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ ní ọ̀dàn tó ti inú igbó jáde dúró lé: wọ́n ní òjò ibẹ̀ tó láti gbé igbó ró, pé oko àti iná ni kò jẹ́. Àwọn tó ń tako wọn kò sọ pé Olókemèjì ṣì. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kò yẹ kí a fi ẹ̀rí etí igbó ṣèdájọ́ gbogbo ọ̀dàn títí dé Ọ̀yọ́-Ilé àti Kíṣì, níbi tí koríko àti àwọn igi bí igi òrí, tí èèpo wọn nípọn láti fara da iná, ti wà pẹ́. Ìtàn ti wọn lẹ́yìn díẹ̀ níbi yìí: ẹṣin ni Ọ̀yọ́ fi jagun, ẹṣin kì í sì í pẹ́ láyé nínú igbó tí eṣinṣin tó ń gbé àrùn rẹ̀ kiri pọ̀ sí.

Bí ojú ọjọ́ bá ti ń yí padà látijọ́, ṣé ooru òde òní kì í ṣe àfọwọ́fà?

Apá àkọ́kọ́ nínú gbólóhùn yìí jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n èkejì kò tẹ̀lé e. Àwọn tó ń fi ewé jẹ́rìí sí ìyípadà àtijọ́ ni wọ́n tún ń fi ewé kan náà wọn kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì, afẹ́fẹ́ tó ń há ooru mọ́ ojú ayé. Kí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ tó dé, afẹ́fẹ́ náà jẹ́ nǹkan bí ìdá 280 nínú mílíọ̀nù kan. Ó ti kọjá 420 báyìí. Afẹ́fẹ́ tó há sínú yìnyín Antarctica fi hàn pé fún 800,000 ọdún ṣáájú ìgbà náà, kò fi bẹ́ẹ̀ kọjá 300 rí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, ẹgbẹ́ ńlá kan tó kó ẹ̀rí ihò ewé àti oríṣiríṣi ẹ̀rí mìíràn pọ̀ sọ pé ìgbà tí ó dúró lórí irú iye yìí gbẹ̀yìn ti tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 14 ọdún.

Sàhárà tí wọ́n sábà máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ rí òjò púpọ̀ lóòótọ́, láti nǹkan bíi 15,000 títí dé 5,000 ọdún sẹ́yìn. Ẹja àti erinmi wà níbi tó jẹ́ iyanrìn lónìí. Ohun tó fà á ni pé bí ayé ṣe ń yí, ó ń fì díẹ̀díẹ̀ bí òkòtó tó fẹ́ ṣubú, èyí tó ń yí àkókò tí oòrùn ń mú jù padà ní ìwọ̀n nǹkan bíi 21,000 ọdún lẹ́ẹ̀kan. Irú ohun bẹ́ẹ̀ kò lè ṣàlàyé ooru tó gbérí láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún kan. Ẹni tó bá gba ẹ̀rí ewé gbọ́ lórí ti Chilga tí ó wá kọ̀ ọ́ lórí ti afẹ́fẹ́ òde òní ń ṣa ẹ̀rí ni.

Kí ló dé tí èyí fi kan igi gbígbìn?

Àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó wà nínú ètò AFR100, tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní ọdún 2015, fẹ́ tún 100 mílíọ̀nù héktà ilẹ̀ ṣe kí ọdún 2030 tó parí. Àwọn onímọ̀ kan, tí William Bond ará Gúúsù Áfíríkà wà lára wọn, kìlọ̀ ní ọdún 2019 pé bí a bá ka gbogbo ọ̀dàn sí igbó tó ti bàjẹ́, a ó máa gbin igi sórí ilẹ̀ tó ti jẹ́ ti koríko láti ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún, a ó sì pa ibi ìjẹ ẹran àti omi abẹ́ ilẹ̀ lára. Àwọn tó ń ṣe ètò náà dáhùn pé kì í ṣe igbó nìkan ni àwọn ní lọ́kàn, pé dídá igi sí láàárín oko àti títọ́jú pápá wà nínú rẹ̀.

Fún àgbẹ̀ tó wà láàárín Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́, ìyàtọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé. Níbi tí ẹ̀rí bá ti fi hàn pé iná ló lé igbó lọ, bíi ti Olókemèjì, kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni ra irúgbìn igi: dídá iná dúró ti tó láti jẹ́ kí igi padà fúnra rẹ̀. Níbi tí ọ̀dàn bá ti jẹ́ ti ìpilẹ̀ṣẹ̀, igi òrí àti igi irúgbá tó wà níbẹ̀ ni ó yẹ kí wọ́n ṣọ́, nítorí igi tí wọ́n kó wá láti òkèèrè, bíi gmẹlínà àti tíìkì, yóò bo koríko tí ẹran ń jẹ mọ́lẹ̀. Bí iná kò bá sì ṣeé yẹ̀ sílẹ̀ pátápátá, ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, tí ìdí koríko ṣì tutù, ni ìbàjẹ́ rẹ̀ fi ń kéré ju ti oṣù Kẹta lọ.